Gírámà Lọ́dọ̀ Ìyá Ọkọ

Àlàádì, 6 avril

Màmá, ìyá ọkọ mi, ní kí n máa kọ "diary" ní Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́, pé òun ló máa là mí lójú. Mo kọ ti àná: "Today is hot." Mo kọ ti òní: "Today is hot again." Lẹ́yìn náà mo jókòó, mò ń wo bébà, bébà ń wò mí. Kí ló tún kù? Ni mo bá ra ìwé kejì yìí lẹ́nu ọ̀nà ọjà Rood Woko. Yorùbá ni mo máa fi kọ èyí, òótọ́ ni mo sì máa kọ sínú ẹ̀. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kí ooru ṣáà máa mú lọ.

Ìtìjú tí mi ò lè kọ síwájú Màmá nìyí. Ní òtẹ́ẹ̀lì wa ní àdúgbò Ouaga 2000, ní Burkina níbí, níbi tí mo ti ń gbàlejò ní réception, Táì ní kí n kọ pátákó fún àwọn àlejò tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Táì ni mo ń pe Monsieur Inoussa ọ̀gá wa — kò sí ooru tó lè bọ́ táì lọ́rùn ọkùnrin yẹn. Ohun tó fẹ́ kí n kọ ni pé ẹni tó bá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, nǹkan dídùn tí wọ́n fi ń panu lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀fẹ́ ni. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: FREE DESERT. "S" kan ṣoṣo. Àlejò kan láti Accra dúró síwájú ẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Ó sọ nǹkan kan, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, nítorí mi ò gbọ́. Albertine tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló túmọ̀ ẹ̀ fún mi nígbà tó yá. Ọkùnrin náà ní, "Madame, mo ti rí aṣálẹ̀ yín látojú fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni."

Mo ti fi gbogbo Sàhárà tọrẹ.

Àtìní, 7 avril

Táì pe èmi àti Albertine sí bureau. Chef de réception wa, olórí àwa tá à ń gbàlejò, ń fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ló máa gbapò ẹ̀. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi yàn, kíkọ àti sísọ, 15 mai. Chef kì í ṣiṣẹ́ òru. Chef ń sùn nílé ara ẹ̀ bí ọmọ ènìyàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fojú sí àga yẹn lára.

Albertine ní "d'accord", òun gbà, bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé omi. Èmi náà ní "d'accord", bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé odò.

Àtàláátà, 8 avril

Bùjí ló tú mi fó. Bùjí ni ọkọ mi — Kàmíl ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n bùjí moto, plọ́ọ̀gì alùpùpù, ló ń tà látàárọ̀ dalẹ́, òun náà sì máa ń ṣáná bí ọ̀rọ̀ bá kàn án. Ó ro gbogbo ẹ̀ fún ìyá ẹ̀ nídìí oúnjẹ, ti ìdánwò, ti aṣálẹ̀ ọ̀fẹ́. Màmá gbé ṣíbí kalẹ̀.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá bá wa gbààwẹ̀ ni. Ọdún ìtúnu ti kọjá, mo sì ti ń fọgbọ́n béèrè ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì máa ń lọ.

Màmá ní, "Mi ò lọ mọ́. Ìyá Ameenah, lọ mú bírò wá."

Láti òní lọ, Ìyá Gírámà ni — nínú ìwé yìí nìkan o, níbi tí kò ti lè fi bírò pupa kàn mí.

Èmi, Ouaga ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Zangouettin, kí wọ́n tó wó o, nígbà tí Zangouettin ṣì ní ilé nínú. Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi, ọmọ ẹ̀yà Mossi. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé. Màmá ní Yorùbá mi dà bí ìrẹsì tí wọn ò ṣa òkúta inú ẹ̀. Ó wá di òní kó tó rí Gẹ̀ẹ́sì mi.

Mo kọ "How are you ?" bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ ṣáájú àmì ìbéèrè. Màmá fìka tẹ àlàfo náà.

"Ta lò ń fàyè sílẹ̀ fún? Àlejò ń bọ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní kò sí àlejò kankan.

"Ó dáa. Sún un mọ́ra."

Láti kékeré ni mo ti ń fàyè sílẹ̀ fún àlejò tí kò wá.

Jímọ̀, 11 avril

"It's" àti "its". Màmá ní àmì kékeré tó wà lókè yẹn, àlàfo eyín ni: lẹ́tà kan ló ká níbẹ̀. "It is" ni, eyín kan yọ, ó di "it's". Ṣùgbọ́n "its" tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan jẹ́ ti nǹkan, eyín tiẹ̀ pé. Ó yanu kó lè fi àlàfo tiẹ̀ hàn mí — lókè, lápá òsì. Obìnrin ọdún méjìdínlógójì, mò ń yọjú wo ẹnu ìyá ọkọ mi kí n lè mọ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn ìyẹn, "advice" àti "advise". "'Ice' ló wà nídìí àkọ́kọ́, yìnyín. Yìnyín ṣeé dì mú. Nǹkan ni, ọ̀rọ̀ orúkọ. Èyí tó ní 's', iṣẹ́ ló ń ṣe." Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Òógùn ti pa á rẹ́ kí n tó dé ibi iṣẹ́.

Àlàádì, 13 avril

Èdè wa ló ń ṣe mí. Yorùbá ní "yá" kan ṣoṣo: mo yá ìkòkò lọ́wọ́ Aminata, mo yá Aminata ní ìkòkò. Òyìnbó ní rárá o, ẹni tó gbà ń "borrow", ẹni tó fún ni ń "lend". Mo lọ ṣàlàyé ẹ̀ fún Aminata fúnra ẹ̀, aládùúgbò wa, ọmọ Mossi. Ó ní èyí tó wù kó jẹ́, ìkòkò òun ni òun ń wá.

"Kọ́" náà tún ńkọ́? Tíṣà ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ìwé. Mo wí fún Màmá tìgboyà-tìgboyà: "You learn me English." Ó di orí mú. "Èmi ni mò ń 'teach', ìwọ lò ń 'learn'. Tó bá jẹ́ nǹkan kan náà ni, kí ni ìjọba ń sanwó fún mi lé lórí?"

Mo sì pe Màmá ní "he". Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé ẹ̀bi mi ni? "Ó" tiwa kì í wo abẹ́ aṣọ ẹnikẹ́ni.

Àtàláátà, 15 avril

Coupure. Kò síná, kò sí fáànù, kò sí Gẹ̀ẹ́sì. Alhamdulillah.

Jímọ̀, 18 avril

Ṣé èmi nìyí? Obìnrin kan láti Kumasi pè láti yàrá ẹ̀, ó ní ṣé òun lè "borrow" áyọ́ọ̀nù. Ẹnu mi là, mo gbọ́ ohùn mi: "Yes, madam, we lend irons." Albertine yíjú padà wò mí bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀.

Mo sáré gun moto dé ilé. Kí n tó bọ́ kásíkì kúrò lórí mo ti ń rò ó. Màmá pàtẹ́wọ́, ó dìde, ó jó díẹ̀ lórí ẹní. Ó fún mi ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo ní méjì yòókù ńkọ́? Ó ní ìgbéraga ló jẹ ẹ́.

Ó wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ tóun kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ẹ̀rù ba òun débi pé òun kí àwọn ọmọ ní "Good night" láàárọ̀. Wọ́n dáhùn, wọ́n kó àpò wọn, wọ́n gbalé lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa. Bùjí yọjú wò wá, kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín.

Mo gbàgbé láti bínú pé kò tíì lọ.

Àtìní, 21 avril

"The headmaster's goat has eaten its rope." Ewúrẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ti jẹ okùn ara ẹ̀. Àpèkọ Jímọ̀ nìyẹn. A tún kọ ọ́ lánàá. A tún kọ ọ́ lónìí. Mi ò béèrè. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lòmùgọ̀ kíláàsì kì í béèrè ìdí tí wọ́n fi ń tún nǹkan kọ́. Okùn tí ewúrẹ́ yẹn ti jẹ á tó láti ibí dé ìlú Bobo.

Ṣùgbọ́n lónìí, Màmá mú bírò pupa, ó fi àmì kékeré yẹn sórí "its" mi. "It's rope." Mo ní, "Màmá, eyín ńkọ́?"

Ó wò mí. "Eyín wo?"

A jẹ́ pé mi ò gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn dáadáa. Mo tún un kọ bó ṣe fẹ́.

Àlàmísì, 24 avril

Mo ti gbé "advice" náà dorí kodò! Màmá ní èyí tó ní "s" ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Mo rán an létí yìnyín. Ó ní, "Yìnyín? Ní Ouaga yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rín in. Lẹ́yìn náà mo pa odindi ojú ìwé rẹ́, mo tún gbogbo ẹ̀ kọ.

Apẹ̀rẹ̀ ni orí mi. Wọ́n ń pọnmi sí i, mò ń yìn ín pé ó tutù.

Àlàádì, 27 avril

Aminata fa Màmá lọ́wọ́ wálé. Màmá jáde lọ ṣe àlùwàlá, ó wọ ọgbà Aminata, ó jókòó sídìí ìkòkò tô, túwó àwọn ará ibí, ó ń retí kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun. Wọ́n bù ú, ó jẹ ẹ́. Aminata ní àlejò dáadáa ni, ó ní barka, òun dúpẹ́. Mo dúpẹ́, mo ní Màmá fẹ́ràn ènìyàn. Mo tiẹ̀ jowú díẹ̀: tèmi, ó ní ó máa ń ní kókó.

Ó tún ti ń pè mí ní Ṣàkírátù. "Ṣàkírátù, kómà dà?" Mi ò tún un ṣe. Ó dá mi lójú pé nínú gbogbo ọmọ tí Màmá kọ́ láyé ẹ̀, Ṣàkírátù yìí ló dìndìnrìn jù, èmi ni mo sì rán an létí ẹ̀. Mò ń jẹ́ ẹ.

Àtàláátà, 29 avril

Ameenah, ọmọ mi, gbé ìwé mi yẹ̀ wò. Kíláàsì kẹrin lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, ló wà, ó ti mọ ohun gbogbo. Ó ní, "Maman, mais non. Grand-mère ti yí i sódì. Ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ ló tọ̀nà."

Mo bi í pé ta ni prof tó ń kọ́ ọ. Mo ní kí prof yẹn tó hu eyín ni Grand-mère ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Nàìjíríà, níbi tí ewúrẹ́ pàápàá ti ń gbọ́ ọ. Ó ní, "Mais Maman —" Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Ó lọ. Ariwo abọ́ yẹn, Aminata gbọ́ ọ nílé tiẹ̀.

Jímọ̀, 2 mai

Ọjọ́ tí kò dáa. Màmá ní kí n kọ pátákó fún ibi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, pé ọmọdé ò gbọdọ̀ wọ omi. Mo kọ: "No children in the pool, please." Màmá gba bírò, ó fi kómà sẹ́yìn "No". Mo kà á. Mo fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, Màmá, ó jọ pé a ti ń pe àwọn ọmọ wá báyìí.

Ó fa ojú ìwé náà ya. "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?" Ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí. Ameenah yọjú, ó sá padà. Mo kúnlẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀.

Nígbà tó yá, Màmá wo bébà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní jẹ́jẹ́, "Ta ló ya á?"

Mo ní èmi ni. Mo rò pé ọ̀nà tó ń là fún mi láti tọrọ àforíjì nìyẹn. Mo tọrọ ẹ̀. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ìwé kì í ṣe aṣọ.

Àtàláátà, 6 mai

Albertine ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú moto ẹ̀. Mo kú.

Àlàádì, 11 mai

Ìjì eléruku kọ́kọ́ dé, gbogbo àdúgbò pọ́n. Lẹ́yìn náà òjò, àkọ́rọ̀ ọdún yìí. Èmi àti Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, à ń wò ó. Kò pè mí sídìí ìwé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tí mo bá ń kọ́ ẹ, ó máa ń dúró."

Mo ní, "Kí ló ń dúró, Màmá?"

Ó nawọ́ sí ìta. Ó ní òjò ni.

Òjò náà ò dúró.

Àlàrùbá, 14 mai

Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúà gígùn. Mo mọ gbogbo òfin ẹ̀ lórí báyìí, bó ṣe kọ́ mi gbẹ̀yìn. Tí mo bá dà á nù lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má bá tíṣà wí.

Àlàmísì, 15 mai

Kí n kọ ọ́ kí ọwọ́ mi tó tutù.

Monsieur Abdulkareem lorúkọ ẹni tó ṣèdánwò fún wa. Ògbufọ̀ ni, irùngbọ̀n ẹ̀ funfun, ará Ìlọrin. Sísọ la kọ́kọ́ ṣe. Ó ṣe bí àlejò tí omi ò yọ nílé ìwẹ̀ ẹ̀, ó ń lọgun. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀tù sí i nínú títí ó fi gbàgbé pé òun ń bínú. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti ń rí ara mi lórí àga chef.

Ó kan kíkọ. Ní gbogbo àlàfo tí wọ́n ní ká dí, ọwọ́ mi á ti kọ nǹkan kan kí n tó ronú. Lẹ́yìn náà mo máa rántí Màmá, mo máa pa á rẹ́, mo máa kọ èkejì. "Advice" — mo pa á rẹ́. "Its" — mo pa á rẹ́. Mo ń yin ara mi pé ọmọlúwàbí akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Kí oòrùn tó wọ̀, Táì ti pè wá. Albertine ni. Mo dì mọ́ ọn, mo bá a yọ̀, ó sì yẹ kí n bá a yọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ jáde, Monsieur Abdulkareem ní kí n dúró. Yorùbá ló fi sọ ọ́.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́." Ó tẹ́ ìwé mi síwájú mi. "Ẹ wò ó. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti pa nǹkan rẹ́, ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́ ló tọ̀nà. Gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹni tí kò mọ̀ kì í ṣì í báyìí, ẹni tí kò mọ̀ á gba díẹ̀, á pàdánù díẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ta ló ní kí ẹ yí i padà?"

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí ni gbogbo ẹ̀ dé: ewúrẹ́ tá a kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Eyín wo. Ọgbà Aminata. Ta ló ya á. Ameenah ń fọ abọ́ bí ẹni ń jà.

Kì í ṣe èmi ni mò ń gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń pe ara mi lómùgọ̀, tí mò ń gbádùn ẹ̀, tí mò ń kọ ọ́ síbí bí àwàdà. Òmùgọ̀ ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí mo rò. Orí tèmi gba omi jọ ju bí mo ṣe ń pariwo lọ. Ìyá kan ń rì níwájú mi, mo ń tún kómà ṣe.

Monsieur Abdulkareem ṣì ń wò mí. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, sà. Orí mi ló le."

Ó ní òun ò rò bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, àwọn ará ilé mi pàápàá mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì fi gbogbo ọkàn bú ara mi báyẹn rí.

Mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà délé. Màmá wà lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, ó ti wẹ̀, ó ti wọ léèsì, ó ń retí ayọ̀. Kò jẹ́ kí n gbé moto dúró dáadáa.

"Ṣé o yege?"

Mo kúnlẹ̀. "Rárá, Màmá. Albertine ni wọ́n mú. Orí mi ò gbé e."

Mo ti rò pé ó máa bú mi. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó yí i, ó tún yí i.

"Kì í ṣe orí ẹ," ló wí. "Ìyá Ameenah, kì í ṣe orí ẹ. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á wà lẹ́nu mi, á yọ̀ bọ́. Mo máa lọ sọ́jà, mo máa dúró láàárín ọ̀nà, mi ò ní mọ èyí tó kàn. Mo rò pé tí mo bá rí ẹni tí mo lè kọ́, yóò dúró. Lójọ́ díẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mò ń wí tọ̀nà, ojú sì ń tì mí láti bi ẹ́. Mo ti ba tìẹ jẹ́."

Mo kàn bi í pé ta ni Ṣàkírátù.

Ojú ẹ̀ là. "Àbúrò mi. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níwèé, a ò tíì dàgbà nígbà yẹn. Ó mọ̀wé jù mí lọ jìnnà. Ó ti di olóògbé." Ó wò mí. "Kí ló dé? Ṣé mo ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Sátidé, 17 mai

A jọ sọ ọ́ fún Bùjí, èmi àti Màmá. Ó ṣáná. "Arán? Ìyá tèmi? Nígbà tó ń kọ́ ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ lálẹ́?" Ó ní èmi ni mi ò yege tí mò ń wá ẹni tí mo máa dì í lé lórí. Màmá ní, "Kàmíl, gbẹ́nu dúró, òótọ́ ló ń sọ." Ó jáde. A gbọ́ moto ẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò, kò ríbi lọ.

Mo bẹ Ameenah. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ṣé òun ò ní fọ abọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan? Mò ń fọ̀ ọ́.

Àlàrùbá, 21 mai

Dókítà. Ó bi Màmá ní ọjọ́ tí òní jẹ́. Màmá ní Àlàmísì. Ó bi í ní oṣù. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní dókítà ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Bùjí ń wo ilẹ̀.

Àrùn ìgbàgbé ni. Kò ní oògùn tó ń wò ó, oògùn tó ń rọ̀ ọ́ díẹ̀ ló wà. Dókítà ní ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ká máa bá a sọ̀rọ̀, ká má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tá a délé, Bùjí wọ yàrá. Mo gbọ́ tó ń sunkún, ó sì rò pé mi ò gbọ́. Mo lọ ń fi àwọn ìkòkò pariwo kí ó lè ríbi sunkún sí.

Àlàádì, 25 mai

Fọlárìn, ẹ̀gbọ́n Bùjí, pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí wọ́n gbé Màmá bọ̀ wálé, kó wá sinmi. Bùjí gbà. Bọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tí mò ń wá látìgbà ààwẹ̀ nìyí o. Ó yẹ kí n fò sókè.

Màmá ń ká ìró ẹ̀ sínú àpò. Ó ká ọ̀kan, ó tú u, ó tún un ká. Ó ní, "Fọlárìn jẹ́ ọmọ dáadáa. Ó máa gbé mi sórí àga, wọ́n á ní kí n má ṣe nǹkan kan. Gbogbo wọn ló mọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀." Kò sọkún. Ó ní kí n bá òun wá bàtà kejì.

Mi ò wá a. Mo jáde lọ bá Bùjí níwájú ilé, níbi tó ti ń fọ moto.

Mo ní, "Bàbá Ameenah, Màmá ò lè lọ."

Ó ní kí ló dé.

Mo ní, "Ìdánwò mi. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ta ló máa kọ́ mi?"

Irọ́ funfun báláú. Àga yẹn ti gba Albertine, ó sì bá a mu. Kò sí ìdánwò kankan lórí ilẹ̀ Burkina tó ń dúró dè mí. Ẹnu mi ń sọ ọ́, ọkàn mi ń béèrè pé ta lẹni yìí.

Bùjí gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀. "Ìdánwò wo? Ìgbà wo ni?"

Ìgbà wo. Mi ò ronú débẹ̀. Mo ń wo moto, mo ń wo ògiri, mo ń wo ọ̀run. Oṣù kan ò yọ sí mi lọ́kàn.

"Oṣù kẹsàn-án."

Màmá ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bírò pupa lọ́wọ́.

"Oṣù kẹsàn-án ni," ló tún wí. "Iṣẹ́ sì pọ̀. Orí ẹ̀ le."

Bùjí wò mí, ó wo ìyá ẹ̀. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ó padà sídìí moto, kò dárúkọ bọ́ọ̀sì mọ́, ó sì rọra ń fọ ibi tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.